Ọta Wo Ló Yẹ Ẹni Tó Ń Di Kátíríìjì Rẹ̀ Fúnra Rẹ̀? Ìfiwéra Ọta Òjé, Ọta Eléèpo àti Èyí Tí A Fi Ìkarahun .22 Ṣe

Ẹni tó bá ti ń yìnbọn ní pápá ìdárayá fún ìgbà díẹ̀ yóò ti ṣàkíyèsí pé ìkarahun kéékèèké oníwọ̀n .22 (fífẹ̀ ọta rẹ̀ ní íńṣì ni nọ́ńbà yìí ń sọ) ló máa ń pọ̀ jù lọ nínú idẹ tó ń fọ́n ká sílẹ̀. Ìkarahun tí ohun ìtanná rẹ̀ wà láàárín ìdí ni àwọn ènìyàn máa ń ṣà, nítorí wọ́n lè yọ ìtanná tó ti jó kúrò, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì tún un dì. Ti .22 kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ètí ìdí rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ti fi ohun ìtanná sí, bí ó bá sì ti jó lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kátíríìjì ti parí. Àwọn kan ń sọ pàǹtí yìí di èèpo ọta láti àwọn ọdún 1940, ìbéèrè tó sì ń wáyé títí di òní ni bóyá ó yẹ kí ènìyàn náwó nára sórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó kúkú máa yọ́ òjé sínú mọ́ọ̀dù, kí ó ra ọta òjé tí a fi bàbà pa lára, kí ó ra eléèpo láti ilé iṣẹ́, tàbí kí ó lọ fún èyí tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀.

Yíyàn ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí, kì í ṣe ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ṣe ọta. Nínú rẹ̀, kátíríìjì ni àpapọ̀ ìkarahun, ohun ìtanná, ẹ̀tù àti ọta, ọta ni ohun tó ń fò jáde lẹ́nu ìbọn, ìkarahun ni idẹ tó ń ṣẹ́kù sẹ́yìn, èèpo sì ni irin tín-ínrín tí a fi bo òjé tó wà nínú ọta. Ẹni tó ti ń di kátíríìjì rẹ̀ fúnra rẹ̀ lábẹ́ òfin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá kò nílò ju ọta tí ilé iṣẹ́ ti ṣe parí lọ.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìyára ló ṣáájú ohun gbogbo. Nígbà tí ẹ̀tù dúdú ṣì wà lóde, òjé lásán ni ọta, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1882 ni Eduard Rubin, ọ̀gá ológun kan ní ilẹ̀ Switzerland, gbé ọta òjé tí a fi bàbà bò jáde, nígbà tí ilẹ̀ Faransé sì gba ìbọn Lebel sí iṣẹ́ ológun ní ọdún 1886 pẹ̀lú ẹ̀tù tuntun tí kì í rú èéfín, ó hàn gbangba pé òjé lásán kò lè bá irú ìyára bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ohun tó fà á kò ṣòro láti lóye. A ti gbẹ́ ìlà tó ń lọ́ yípo sínú ọ̀pá ìbọn, ìlà yìí ló sì ń mú kí ọta máa yí bí ó ti ń jáde. Òjé rọ̀, bí a bá fi agbára tó pọ̀ tì í, kì í lè di ìlà náà mú dáadáa, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń tì í a máa jẹ ẹ́ ní ìdí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tó bá sì họ lára rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn títí ìbọn náà kò fi ní bá àmì mọ́.

Nítorí náà, kí ènìyàn tó bèèrè iye owó, kí ó kọ́kọ́ mọ bí ìbọn rẹ̀ ṣe ń ti ọta tó. Ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ ń ti ọta láàárín ẹsẹ̀ bàtà 800 sí 1,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kátíríìjì .22 Hornet a máa dé nǹkan bí 2,700, .222 Remington a máa lé ní 3,100, .22-250 sì lè dé ìtòsí 3,700. Àwọn mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yìí ń lo ọta tí fífẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, síbẹ̀ ohun tó bá ti àkọ́kọ́ mu lè túká lójú ọ̀nà nínú ti ẹ̀kẹta.

Lẹ́yìn ìyára ni ohun tí a fẹ́ yìn ín sí. Bébà kò bèèrè ju pé kí ọta lọ síbi kan náà nígbà gbogbo. Ẹranko kékeré tó ń ba oko jẹ́ ń bèèrè ọta tó máa tètè fọ́, kí ó má baà ta padà kúrò lórí òkúta lọ síbi tí a kò rán an. Ẹranko ńlá tí a fẹ́ jẹ ń bèèrè ìdàkejì rẹ̀ pátápátá: ọta tó máa fẹ̀ ní orí, ṣùgbọ́n tí kò ní fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹran.

Owó tún wà níbẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló sì ń gbà jáde: owó irinṣẹ́ tí a ń san lẹ́ẹ̀kan, owó ohun èlò tí a ń san lórí ọta kọ̀ọ̀kan, àti àkókò. Àwọn tó ń yin ìkarahun .22 lógo máa ń ka ti ẹlẹ́ẹ̀kejì nìkan. Wọ́n á ní èèpo wọn jẹ́ ọ̀fẹ́, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n èèpo nìkan kọ́ ni ọta.

Ìwọ̀n tó kù ni ìbáradọ́gba. Ọta tó ń jáde ní ìyára ẹsẹ̀ bàtà 3,200 láti inú ọ̀pá ìbọn tí ìlà rẹ̀ ń yí lẹ́ẹ̀kan nínú íńṣì 12 ń yí nígbà 3,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó jẹ́ 192,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí èèpo rẹ̀ bá nípọn ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, bí ìyàtọ̀ náà tilẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ọta náà yóò máa gbọ̀n bí ó ti ń yí, yóò sì yà kúrò lójú ọ̀nà.

Òjé tí a yọ́ sínú mọ́ọ̀dù

Èyí ni àgbà gbogbo wọn, òun náà sì ni owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré jù lọ. Ìkòkò tí a fi ń yọ́ òjé, ṣíbí ìbu-òjé, mọ́ọ̀dù kan fún ìwọ̀n kan, àti ohun tí a fi ń mú ọta dọ́gba, gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ohun tí irinṣẹ́ èèpo ń gbà. Òjé ń yọ́ ní ìwọ̀n òòru 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn ni pé iná tí kò le rárá lè yọ́ ọ. Bí a bá pò ó mọ́ tánńganran àti irin kan tí wọ́n ń pè ní antimony díẹ̀, yóò le sí i, yóò sì gba ìyára tó pọ̀ ju ti òjé gidi lọ.

Fún ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn gígùn tí kò yára, mi ò rí ìdí kankan tí ènìyàn fi ní láti fi í sílẹ̀. Bí a bá fi ìdérí bàbà kékeré bo ìdí ọta náà, ó lè kọjá ẹsẹ̀ bàtà 2,000 láìba ọ̀pá ìbọn jẹ́, àwọn tó sì ń fi ọ̀dà oníyẹ̀fun tí a ń yan nínú ààrò bò ó ń rí èsì tó dára láìlo ọ̀rá. Ibi tí ó ti ń kùnà ni ìbọn tó yára gan-an àti ìbọn tí inú ọ̀pá rẹ̀ kò ní ìlà gbígbẹ́ tó mú, bí irú ìbọn ìléwọ́ Glock àtijọ́, tí wọ́n máa ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe yin òjé lásán nínú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ tó tún lágbára ni omi: ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá bọ́ sínú òjé yíyọ́ yóò di ooru lójijì, yóò sì da òjé gbígbóná sókè sójú ẹni tó dúró tì í. Ẹni tí kò ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tí òjò kò sì lè kàn, kí ó má dá a láṣà.

Òjé tí a fi bàbà pa lára

Díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó wà lórí èyí. Iná mànàmáná ni ilé iṣẹ́ fi ń lẹ bàbà mọ́ òjé, bàbà náà sì tín-ínrín gan-an. Kì í dọ̀tí ọwọ́, kì í rú èéfín ọ̀rá, kì í sì wọ́n tó eléèpo gidi. Ìbọn ìléwọ́ ló wà fún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn tó ṣe é kọ ọ́ sí i pé kí a má ṣe ti ju ẹsẹ̀ bàtà 1,200 tàbí 1,500 lọ, nítorí bí ìlà inú ọ̀pá bá ti gé bàbà náà dé òjé, kò yàtọ̀ sí òjé lásán mọ́. Ẹni tó ń yin bébà pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́, tí kò sì fẹ́ máa yọ́ òjé nílé, ibí ni kí ó dúró sí.

Èèpo láti inú ìkarahun .22

Ìtàn rẹ̀ yé ni bí a bá rántí ogun. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, ológun ló ń gba bàbà ní Amẹ́ríkà, ọta fún ọdẹ sì ṣọ̀wọ́n. Vernon Speer àti Joyce Hornady wà lára àwọn tó rí i pé ìkarahun .22 tí ó ti jó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìwọ̀n èèpo ọta .224 mu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ sọ ọ́ di èèpo. Hornady dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1949 ní Grand Island ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Fred Huntington ní Oroville, California, náà ń ṣe irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ irú ọta bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń yin ẹranko kékeré inú àpáta tí wọ́n ń pè ní rock chuck, ibẹ̀ sì ni RCBS, ilé iṣẹ́ irinṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1943, ti gba orúkọ rẹ̀. Nígbà tí bàbà tún wá di ohun tó wà lọ́jà, àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí fi ìkarahun sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo èèpo tí a ṣe láti inú bàbà tuntun. Ohun tí wọ́n ṣe yẹn tó ẹ̀rí fún ẹni tó bá fẹ́ ronú: kì í ṣe nítorí pé ìkarahun dára ju bàbà tuntun lọ ni wọ́n fi lò ó, àìrí ni.

Síbẹ̀, ó ní ibi tó dára sí. Ogiri ìkarahun .22 tín-ínrín, idẹ tí a sì fi ṣe é ní bàbà bí ìdá 70 àti zinc bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí èèpo ilé iṣẹ́ sábà máa ń ní bàbà ìdá 90 sí 95. Idẹ yìí le ju ti èèpo ilé iṣẹ́ lọ, ó sì tètè máa ń sán bí a bá tẹ̀ ẹ́ láìkọ́kọ́ fi iná mú un rọ̀. Ọta tó ń tibẹ̀ jáde fúyẹ́, láàárín gíréènì (òṣùwọ̀n ìwúwo ọta) 50 sí 60 fún ìwọ̀n .224 ni ó wọ́pọ̀, àwọn mìíràn sì ń ti ìkarahun kan náà dé ìwọ̀n mìlímítà 6. Nítorí èèpo tín-ínrín náà, ọta yìí máa ń fọ́ bí ẹni ju ẹyin mọ́ ògiri nígbà tí ó bá kan ẹranko kékeré, kì í sì í sábà ta padà. Ohun tí ọdẹ ẹranko kékeré ń wá gan-an nìyẹn. Ohun kan náà yìí ló mú kí ó jẹ́ àṣìyàn fún ẹranko ńlá, nítorí ojú awọ ni yóò ti fọ́ tán, tí ẹranko náà yóò sì gbé ọgbẹ́ sálọ.

Ìyára rẹ̀ náà ní ààlà. Ohun tí àwọn tó ń ṣe é ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ó máa ń dára títí dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lókè ìyẹn, agbára yíyí nìkan lè fà á ya kí ó tó dé ibi tó ń lọ. Ẹni tó yìn ín á rí ihò ìbọn mẹ́ta lára bébà dípò mẹ́rin, pẹ̀lú eérú fẹ́ẹ́rẹ́ ní ojú ọ̀nà ẹ̀kẹrin. Nítorí náà ó bá .22 Hornet mu dáadáa, ó bá .222 mu bí a bá fi sùúrù dì í, ṣùgbọ́n fún .22-250, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò.

Bí ènìyàn bá yí irú ọta bẹ́ẹ̀ padà, tí ó sì wo ìdí rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó mọ́, yóò sábà rí lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ìkarahun náà tẹ̀ sí i, tí ó ti fẹ̀ díẹ̀, tí ó sì ti ṣú. Ẹwà ni àwọn kan kà á sí. Lójú tèmi, ìkìlọ̀ ni. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ilé iṣẹ́ kan, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní bí idẹ tirẹ̀ ṣe nípọn tó, nítorí náà ẹni tí kò bá ṣa ìkarahun rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ yóò máa ní ọta tí wọn kò dọ́gba, yóò sì máa bú ìbọn rẹ̀ fún ohun tí kò ṣe. Àwọn ìkarahun tí ó jẹ́ irin tí a fi idẹ pa lójú kò wúlò fún un rárá. Mágínẹ́ẹ̀tì yóò fi wọ́n hàn.

Owó irinṣẹ́ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yí padà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ní láti lágbára, àwọn irin tí a fi ń fún ọta pọ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n gé pẹ̀lú ìwọ̀n tó péye. Odidi akójọ kan kò lè ṣe ju ìwọ̀n ọta kan lọ. Ẹni tó ní ìbọn .224 àti ti mìlímítà 6 yóò ra akójọ méjì. Lẹ́yìn èyí, òjé inú ọta kò jẹ́ ọ̀fẹ́, ọta kan ṣoṣo sì ní láti kọjá nínú ẹ̀rọ náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí ó tó pé. Ẹni tó ń yin ọta díẹ̀ lọ́dún kò ní rí owó irinṣẹ́ yìí padà láéláé. Ẹni tó ń yin ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ó fẹ́ràn irinṣẹ́, tí iṣẹ́ ọwọ́ sì ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, lè rí i. Àwọn kan tún ń ṣe é nítorí ìbẹ̀rù ọ̀wọ́n, wọn kò sì jẹ̀bi: ní Amẹ́ríkà, ọta di ohun àwátì ní ọdún 2013 àti lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọdún 2020 àti 2021. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kátíríìjì .22 fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó kọ́kọ́ tán ní ọdún 2013, ibi tí a kò sì ti yin .22, ìkarahun kò ní sí nílẹ̀ láti ṣà.

Ewu rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òjé yíyọ́. Nínú àpò ìkarahun tí a ṣà ní pápá, kátíríìjì tí kò yìn lè fara pamọ́ síbẹ̀, tí ìtanná inú ètí rẹ̀ sì ṣì wà láàyè. Bí ó bá bọ́ sínú iná tàbí abẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀, yóò dún. Ojú ni a fi ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kì í ṣe pé kí a kàn dà wọ́n sínú agbada. Èyí tó ti yìn pàápàá ṣì ní eérú ìtanná nínú, òjé sì sábà máa ń wà nínú eérú náà.

Ohun mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í ka sí ni ìwé ìwọ̀n ẹ̀tù. Ọta tí ilé iṣẹ́ ṣe ní ìwọ̀n ẹ̀tù tí wọ́n ti dán wò fún un. Ọta tí ènìyàn tẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní. Bí ó bá tilẹ̀ wúwo bákan náà, líle èèpo rẹ̀ àti gígùn ibi tí ó ti ń kan ọ̀pá ìbọn lè yàtọ̀, agbára inú ìbọn sì lè ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí kò bá mọ àmì agbára tó ti pọ̀ jù lára ìkarahun, ìyẹn ìtanná tó ti tẹ́ pẹlẹbẹ tàbí ìdí ìkarahun tó ń dán níbi tí kò yẹ kí ó dán, kò tíì yẹ fún irú ọta yìí.

Eléèpo láti ilé iṣẹ́

Fún ẹni tí ìbọn gígùn rẹ̀ yára, èyí ni mo máa ń tọ́ka sí ṣáájú. Èèpo rẹ̀ nípọn ju ti .22 lọ, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe é ní oríṣiríṣi ìwọ̀n àti ìrísí, ìwé ìwọ̀n ẹ̀tù wà fún un, ọta kan inú páálí kan sì jọ èkejì rẹ̀ débi tí ẹni tí àmì rẹ̀ kò bá dára kò ní rí ọta dá lẹ́bi. Èyí tó ní ihò lórí dára fún bébà, èyí tó ní òjé tó yọ sí orí dára fún ẹran, àwọn tí a so èèpo mọ́ òjé inú wọn sì wà fún ẹranko tó lágbára.

Owó ló ń bá a jà. Ẹni tó ń yin púpọ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára, nítorí owó náà kì í dínkù bí ọdún ti ń yí. Kí ó sì ṣọ́ra fún ọta olówó pọ́ọ́kú tí èèpo rẹ̀ jẹ́ irin tí a fi bàbà pa lójú: ó máa ń lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ pápá ìyìnbọn ni kì í sì í gbà á, nítorí pé ó lè ta iná, ó sì lè ba àwo irin tí wọ́n ń yìnbọn sí jẹ́.

Bàbà látòkè délẹ̀

Èyí kì í ṣe nǹkan tuntun bí àwọn kan ti rò. Ológun Faransé ti ń lo ọta aláìlójé tí púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ jẹ́ bàbà ní ọdún 1898. Ohun tó jẹ́ tuntun ni èyí tí ó ń fẹ̀ bí ó bá kan ẹran, tí Randy Brooks ti ilé iṣẹ́ Barnes gbé jáde ní ọdún 1989. Ó wọlé jìn, ó máa ń di gbogbo ìwúwo rẹ̀ mú, kò sì fi òjé sínú ẹran. Ìdí tó kẹ́yìn yìí ni òfin ti ń tì í lẹ́yìn: Amẹ́ríkà ti fòfin de ọta wẹ́wẹ́ olójé fún ọdẹ ẹyẹ omi láti ọdún 1991, California sì ti fòfin de òjé pátápátá fún ọdẹ láti oṣù keje ọdún 2019, púpọ̀ nínú rẹ̀ nítorí àwọn ẹyẹ igún ńlá tí wọ́n ń pè ní condor, tí wọ́n ń jẹ òjé nínú òkú ẹran tí wọ́n sì ń kú.

Bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ: ìwọ̀n kan tí òjé rẹ̀ bá wúwo tó gíráàmù 11.3, ti bàbà kò ju nǹkan bí 9 lọ. Nítorí náà ọta oníbàbà tó bá wúwo bí ti olójé máa ń gùn jù ú, ọta gígùn sì ń fẹ́ ọ̀pá ìbọn tí ìlà rẹ̀ ń tètè yí. Ìbọn àtijọ́ tí ìlà rẹ̀ ń yí lẹ́ẹ̀kan nínú íńṣì 14 lè máà mú un dúró. Ihò tó máa ṣe lára bébà yóò gùn bí ihò kọ́kọ́rọ́ dípò kí ó rí róbótó. Ojútùú rẹ̀ ni kí a yan èyí tó fúyẹ́ jù. Fún ọjọ́ ìdánrawò, ó wọ́n jù. Fún ọjọ́ ọdẹ tí a kì í yìn ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Òjé nínú ara, òfin ní ìta

Èyíkéyìí tí ènìyàn bá yàn nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, òjé yóò kàn án. Fífi ọwọ́ tó kan òjé jẹun, wíwọ aṣọ iṣẹ́ wọlé, àti gbígbá ilẹ̀ gbígbẹ níbi tí eérú ìtanná wà, ni ọ̀nà tó sábà ń gbà wọ ara, ju èéfín ìkòkò tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù lọ, nítorí òjé tí a kò mú gbóná jù kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín. Ọmọdé ló ń pa lára jù. Ní ọdún 2021, CDC, àjọ ìjọba tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, mú ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó yẹ kí a fi sọ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ wá sí mákírógíráàmù 3.5 nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ọmọ kékeré wà nílé rẹ̀, tí kò ní yàrá iṣẹ́ tó dá dúró, eléèpo ilé iṣẹ́ tàbí oníbàbà ni kí ó rà, ohunkóhun tí owó ìbáà sọ.

Ní ti òfin, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ibì kan wà tí níní ohun èlò ìdì-kátíríìjì láìní ìwé àṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibì kan wà tí ó jẹ́ eré ọwọ́dilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ṣíṣe é fún ìlò ara ẹni yàtọ̀ sí ṣíṣe é fún títà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Òfin kan náà níbẹ̀ ka ọta tí gbogbo inú rẹ̀ jẹ́ idẹ, tí ìbọn ìléwọ́ sì lè yìn, mọ́ èyí tó ń la ẹ̀wù ààbò kọjá, ṣùgbọ́n kò dárúkọ bàbà lásán, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ gé ọta rẹ̀ lára ọ̀pá irin máa wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa.

Ta ni kí ó mú èwo

Ẹni tó ń yin ìbọn ìléwọ́ púpọ̀, tí ó ní àyè lẹ́yìn ilé, kí ó yọ́ òjé. Bí kò bá ní àyè, kí ó ra èyí tí a fi bàbà pa lára. Ọdẹ ẹranko ńlá, pàápàá ẹni tí ìdílé rẹ̀ yóò jẹ ẹran náà, kí ó fi eléèpo olówó pọ́ọ́kú dánra wò, kí ó sì fi oníbàbà lọ sóko, lẹ́yìn tí ó bá ti rí i pé ìbọn rẹ̀ ń mú un dúró. Ẹni tó ń bá ẹlòmíràn díje lórí bébà kò ní ìṣòro yíyàn kankan: eléèpo ilé iṣẹ́, èyí tó ní ihò lórí, páálí tó ní nọ́ńbà ìṣelọ́pọ̀ kan náà.

Ìkarahun .22 kù fún àwọn díẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ ara wọn. Ìbọn wọn jẹ́ .22 Hornet tàbí .222, ẹranko kékeré ni wọ́n ń yìn, wọ́n ti ń di kátíríìjì pẹ́ débi pé wọ́n mọ àmì agbára tó pọ̀ jù, wọ́n ní yàrá iṣẹ́ tí ọmọdé kì í wọ̀, pápá kan sì wà nítòsí wọn tí ń fún wọn ní ìkarahun láìdáwọ́ dúró. Bí ọ̀kan nínú márùn-ún yìí bá ṣaláìsí, kí wọ́n wá ẹni tó ti ní irinṣẹ́ náà, kí wọ́n tọ́ ọta tirẹ̀ wò nínú ìbọn ti wọn bí òfin bá gbà á láyè, kí wọ́n tó yọ owó.